Fìlà Alága

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tí kò joyè kankan, tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún rí, síbẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Alága, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èmi ti ń ṣe bàtà. Ẹ máa bá a níbẹ̀ tó tẹ̀ mọ́ tábìlì tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àlòkù lé, tó ń fi ohun kékeré kan bíi bírò fa ìlà sójú gíláàsì. Bó bá fà á tán, á fọwọ́ kàn án lábẹ́, gíláàsì á sì pín sí méjì láìpariwo. Ó ti kọjá ọgọ́ta ọdún. Ojú rẹ̀ le, kì í tètè rẹ́rìn-ín, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bú u tán ni. Orí rẹ̀ ni fìlà dúdú kan wà, èyí tí wọ́n fi òwú hun. Òjò ni o, oòrùn ni o, fìlà yẹn kì í kúrò níbẹ̀.

Àwọn ọmọ olórin gáréèjì ni wọ́n sọ ọ́ ní Alága. Kì í ṣe gáréèjì tí ẹ ti ń wọkọ̀ lọ sí ìrìn-àjò o. Ilé tí ẹni tó ní mọ́tò ń gbé e pamọ́ sí ni, níbi tí àwọn ọmọ yìí ti máa ń kọ́ orin rọ́ọ̀kì wọn nígbà tí bàbá wọn bá ti gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Gìtá méjì, ìlù kan, ẹnìkan tó ń pariwo, ó parí. Èmi ò lè purọ́, etí mi ò gbà á. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá Alága lọ, ìyàwó mi bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo délé, ètè rẹ̀ nìkan ni mò ń rí.

Bí orin yìí ṣe mú ọkùnrin náà rèé. Ilé ọtí kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa, yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ náà ti máa ń ṣeré. Lọ́jọ́ kan ọ̀kan nínú wọn ju gìtá sókè, kò rí i mú, ó di ojú fèrèsé, gíláàsì fọ́. Oní-ilé-ọtí ránṣẹ́ pe onígíláàsì wa. Ó ń fi pọ́tì, àtẹ rírọ̀ tó ń mú gíláàsì dúró, di etí fèrèsé lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dánra wò fún alẹ́. Ó sọ fún mi pé ohun tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn ni pé kí òun yára parí iṣẹ́, kí òun sì sá àsálà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró, pọ́tì gbẹ mọ́ ọn níka. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló ń ṣe nídìí fèrèsé kan ṣoṣo látàárọ̀.

“Wọ́n ń kọrin ni,” ó dáhùn.

“Irú orin wo?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó jọ pé inú ń bí wọn. Inú wọn sì ń dùn.”

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí Sátidé tí kò lọ. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣeré nílùú ló mọ̀ bí ẹní mọ yàrá rẹ̀. Ó lè sọ fún ẹ pé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí, ògiri máa ń da ohùn padà, nítorí náà kí onílù rọra. Ó lè sọ pé ilé ìkẹ́rùsí àwọn oníkápẹ́ẹ̀tì kò dáa rárá, pé kápẹ́ẹ̀tì máa ń gbé orin mì. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Mẹ́káníìkì ló fẹ́ràn jù. Obìnrin yìí sanra, ó lóhùn, ó sì lè dá ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ kó tún máa bá ẹ ṣàwàdà. Bí iṣẹ́ bá ti parí lọ́sàn-án Sátidé, á ti àwọn mọ́tò síta, á da yanrìn sórí epo tó wà nílẹ̀, wọ́n á to pákó lé àwọn táyà àlòkù, ìtàgé ti dé nìyẹn. Páànù òrùlé ibẹ̀ máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀. Alága ní gbígbọ̀n yẹn gan-an ni òun ń bá lọ.

Ọ̀rọ̀ fìlà wá ńkọ́? Ooru ló fà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Mẹ́káníìkì, àwọn ọmọ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí wá kọrin. Alága dúró níwájú, ó káwọ́ gbera. Nígbà tí wọ́n dé orin kejì, òógùn ti ń wọ̀ ọ́ lójú, ni ó bá ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kí ọdún tó yípo, òkìkí àwọn ọmọ yẹn ti kan káàkiri ìlú, ẹnu àwọn ènìyàn sì ti gbà á pé bàbá onífìlà ló kọ́kọ́ rí wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ orí rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ tuntun bá gun ìtàgé, Alága ni wọ́n ń wò. Bí fìlà bá ṣí, ariwo á sọ. Bí kò bá ṣí, kí wọ́n padà sílé lọ tún un ṣe.

Ó pẹ́ kí òun alára tó mọ̀ pé wọ́n ti fi òun jẹ adájọ́. Nígbà tó mọ̀, ẹ̀rù bà á díẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gbà fún ẹ láé. Ó wá di ẹni tí kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú fìlà mọ́. Ooru ì báà mú, kó dákú síbẹ̀, bí orin ò bá tíì dé ibi tó yẹ kó dé, kò ní ṣí i. Ìyàwó rẹ̀, tó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ, máa ń sọ fún un pé, “Ẹ rọra o, orí yín ló máa kọ́kọ́ jinná nínú ilé yìí.”

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Kò tíì ju ẹni tí wọ́n ń gbé sọ́rùn lọ tí bàbá rẹ̀ ti ń gbé e lọ síbi orin, á fi òwú di etí rẹ̀ méjèèjì, á sì gbé e sí èjìká, kó lè rí ìtàgé. Ọmọ náà dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ títún fóònù ṣe, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà títí dòní. Ṣùgbọ́n ó ra gìtá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, lọ́dọ̀ Ìyá Mẹ́káníìkì ni wọ́n sì ti ń kọ́ orin wọn bí iṣẹ́ bá parí. Bàbá rẹ̀ mọ̀. Ohun tó kàn ń gbọ́ kò ju tíntín tíntín tó ń gba ara ògiri yàrá wá nígbà tí ọmọ náà bá ń fìka kan okùn gìtá láìtan ẹ̀rọ. Bó bá bi í léèrè, á ní, “Kò tíì jinná, bàbá mi.”

Pákó ló là ṣọ́ọ̀bù wa láàárín, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ tí mi ò gbọ́, mi ò sì díbọ́n pé mi ò fẹ́ gbọ́. Ní ọjọ́ Túsìdé kan, ọmọ náà wọlé wá bá bàbá rẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́.”

“Ó o, ọmọ mi. Máa rọra, má fara kan gíláàsì yẹn.”

“A máa kọrin ní Sátidé yìí. Lọ́dọ̀ Ìyá Mẹ́káníìkì.”

Mo gbọ́ tó gbé ohun ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Sátidé tó ń bọ̀ yìí? Ìwọ ọmọ yìí, o ò sì sọ ọ́!”

“Mò ń sọ ọ́ fún yín báyìí.”

“Ọlọ́run ṣeun o. Mi ò tiẹ̀ ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.”

“Bàbá mi, ẹ má wá.”

Òòlù tí mo fi ń kan bàtà wà lọ́wọ́ mi. Mo dá a dúró lókè, kí ariwo rẹ̀ má bàa bo èyí tó kù mọ́ mi létí.

“Kí lo wí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí ẹ bá ṣí fìlà fún wa, wọ́n á ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíì. Bí ẹ ò bá sì ṣí i, wọ́n á ní bàbá tó bí i lọ́mọ gan-an, kò gbádùn ẹ̀. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?”

“Ẹ̀yìn ni mo máa dúró sí.”

“Wọ́n á wẹ̀yìn.”

“Mo lè dúró síta.”

“Wọ́n á ní orin yẹn ló lé yín síta. Ṣé ẹ ò mọ àwọn èèyàn yẹn ni?”

“Ta ló mọ̀ wọ́n tó mi?”

“Bàbá mi, láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ Alága. Inú mi máa ń dùn sí i. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi kí wọ́n tó wo orí yín.”

Mo gbọ́ tí bàbá fa àpótí kan, tó jókòó. “Mo ti gbọ́,” ni ohun tó sọ.

Ọmọ náà dúpẹ́, ó lọ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ máa fara balẹ̀ gbọ́ àgbà. Ó ní òun ti gbọ́. Kò ní òun ti gbà.

Nígbà tí mo yọjú sí i, orí àpótí ni mo bá a, ó ń wo ilẹ̀. Mo ní kí n fi yẹ̀yẹ́ tù ú nínú. Mo ní, “Alága, wọ́n ti rọ̀ yín lóyè.” Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, ó dùn mí. Gbogbo ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti lọ dúró tì nílùú yìí. Tèmi ló wá ní kí n jókòó sílé.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ìyàwó rẹ̀ ló rí ọ̀nà àbáyọ, àbí a rò pé ó rí i. Wọ́n ń mu tíì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ni ó bá bi í pé, “Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń wò ni, àbí fìlà?”

“Fìlà ni.”

“Ẹ wá fi fìlà sílẹ̀ nílé, kí ẹ máa lọ. Ibi tí kò bá sí fìlà, kí ni wọ́n fẹ́ ṣí?”

Nígbà tí Alága sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo pàtẹ́wọ́. Mo ní orí pé, ìyàwó tó gbọ́n lẹ fẹ́. Àgbà mẹ́ta ni àwa yìí o, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó ronú débi tó yẹ kó ronú dé.

Ó di Sátidé, ó ní kí n sin òun lọ. Mo di òwú sétí, a jáde. Ó ń kọ mí lóminú láti máa bá a rìn. Orí rẹ̀ ti pá, ó funfun ju ojú rẹ̀ lọ, atẹ́gùn kò sì fẹ́ kàn án níta gbangba láti ọdún tí mi ò lè rántí mọ́. Ó ń fọwọ́ pa á ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó wá nǹkan tì. A wọlé jẹ́jẹ́, a sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn táyà tí wọ́n tò jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ilé kún. Ọmọ náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wà lórí pákó, wọ́n ń so wáyà. Aṣọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù fóònù ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo rí i tó ń wo iwájú ìtàgé, ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń dúró sí. Nígbà tó rí i pé kò sí níbẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ jókòó sórí táyà ló rí wa. Ó wo Alága, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ló fi gbogbo ẹnu rẹ̀ kígbe: “Alága ti ṣí fìlà!”

Ẹ wá wo ọ̀ràn! Gbogbo ilé yí orí padà. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń fọn fèrè ẹnu, àwọn kan sì ti rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. “Wọn ò tíì fọwọ́ kan gìtá!” ni ẹnìkan wí. “Ọmọ ẹ̀ ni, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?” ni ẹlòmíràn dá a lóhùn. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Ní ilé yẹn, kò sí ohun tó ń jẹ́ pé bàbá yìí kò dé fìlà. Bí fìlà kò bá ti sí lórí rẹ̀, ó ti ṣí i ni. A ti ṣe ìdájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Alága gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó fẹ́ bò ó, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kì í ṣe fìlà. Mi ò rí i kí ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ náà dúró lórí ìtàgé, kò mira. Omijé kún ojú rẹ̀. Mo rò pé yóò gbé gìtá kalẹ̀, kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ó fà mọ́ maikirofóònù.

“Ẹ dákẹ́,” ó wí. Wọ́n dákẹ́. “Ìyá Mẹ́káníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá fìlà fún bàbá mi.”

Obìnrin náà kò wá ibì kankan. Ó ṣí èyí tó wà lórí ara rẹ̀, tó rí bí epo ẹ́ńjìnnì, ó sì fi í bo orí Alága títí dé ìpéǹpéjú. “Ẹ máa níṣó o, àgbà,” ló wí, ó sì tì í lẹ́yìn díẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ wá síwájú,” ni ọmọ rẹ̀ wí. “Ibi tí ẹ máa ń dúró sí, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró.”

Àwọn ènìyàn là fún un. Ó rìn kọjá láàárín wọn, ó dúró níwájú, ó káwọ́ gbera bí ìṣe rẹ̀. Èmi náà tẹ̀ lé e, torí mi ò lè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n kọ orin àkọ́kọ́, ó sáré jù. Ìlù ń lé gìtá, gìtá ń lé ohùn, kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì. Orin kejì dáa. Èmi tí mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú orin yẹn, mo yọ òwú kan létí. Ọmọ náà ní ohùn tó há díẹ̀, tó máa ń wá láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì ti ń mi orí. Orin kẹta ni wọ́n fi dé ibi tó ga jù. Òrùlé ń gbọ̀n. Mo wo Alága, mo rí i tí omijé ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí àgbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sì kúrò níbi tó ká a sí, ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà nítòsí ló dáwọ́ ijó dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ náà. Ọmọ náà pẹ̀lú ń wò ó. Ìka rẹ̀ ṣì okùn gìtá, orin náà wọ́, ó sì tún mú un padà.

Ọwọ́ Alága dé etí, ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ àpò ṣòkòtò rẹ̀ lọ. Títí wọ́n fi parí, kò tún jáde mọ́.

Kò sí ẹni tó pariwo. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ náà bí wọ́n ti máa ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹgbẹ́ mìíràn sì gun ìtàgé. Mo gbọ́ tí ọmọkùnrin tó kígbe lẹ́ẹ̀kan ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “O rí i? Kò ṣí i fún ọmọ ẹ̀ pàápàá.” Ó sọ ọ́ tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù.

Ìta ni ọmọ náà ti bá wa, níbi ẹ̀rọ omi tí àwọn mẹ́káníìkì ti ń fọ epo ọwọ́ wọn nù. Alága ń bọ́jú. Mo fẹ́ yẹ̀ fún wọn, ó di mí lápá mú. Ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ ló ń bà á.

“Ẹ ò ṣí i,” ni ọmọ náà wí.

“Mi ò ṣí i.”

“Orin yẹn ò dáa ni?”

“Ó dáa. Èkejì yẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwọ lò ń wo orí mi. Látìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀ lo ti ń wò ó. Ibi tí ọwọ́ mi gbéra ni orin ẹ ti wọ́. Bí mo bá ṣí i fún ẹ lónìí, ọmọ mi, orí mi ni wàá máa wò títí wàá fi darúgbó.”

Ọmọ náà wo gìtá ọwọ́ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ nu ọrùn gìtá, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Mo rò pé ìjà dé.

“Ẹ sì ń sunkún,” ó wí níkẹyìn. “Mo rí yín.”

“Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.”

Ni ọmọ náà bá bú sẹ́rìn-ín, tẹ̀ríntẹkún. Ó yọ fìlà Ìyá Mẹ́káníìkì kúrò lórí bàbá rẹ̀, ó wo epo tí fìlà ti fi yí i ní iwájú orí, ó sì fi apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nù ún fún un. Bàbá náà tẹ orí ba, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀.

“Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí la ti máa kọrin,” ni ọmọ náà wí. “Ẹ wá o, bàbá mi. Níwájú ni kí ẹ dúró. Mi ò ní wò yín.”